Màmá wa ní rọpárọsẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ wọn sì jáde: albumin 27, AST 96. Kí lẹ rí sí i?

Adùnní_Ọ̀ṣun

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ìlera pọ̀ níbí, ẹ dákun, ẹ bá mi yẹ nǹkan kan wò.

Rọpárọsẹ̀ kọ lu màmá wa, ẹni ọdún 68, lọ́sẹ̀ yìí. Ilẹ̀ balùwẹ̀ ni wọ́n ṣubú sí lóru, ilẹ̀ sì ti mọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí wọn. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbéra, ahọ́n wọn sì ń lọ́. Síkáànù orí fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí òpójẹ̀ kan nínú ọpọlọ, kì í ṣe pé òpójẹ̀ bẹ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà nílé, àmọ́ ẹ mọ àwọn àgbà wa: bí orí ò bá fọ́ wọn, wọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Èsì ẹ̀jẹ̀ wọn nìyí: albumin 27, AST 96, ALT 41, bilirubin 14, ALP 88, INR 1.1, pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì (sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó ń bá ẹ̀jẹ̀ dì) 240. Ojú wọn kò pọ́n rúsúrúsú, ikùn wọn kò wú, wọn ò sì fẹnu kan ọtí rí.

Ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù ní ẹ̀dọ̀ màmá ti bàjẹ́. Ẹlòmíràn ní ká lọ ra albumin wá, ìgò mẹ́rin, owó rẹ̀ sì ju owó oṣù mi lọ. Bùrọ̀dá wa tó wà ní Houston náà kó àwọn nọ́ńbà yìí sínú ẹ̀rọ ìṣirò kan tí wọ́n ń pè ní FIB-4 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó mú 4.2 jáde, ẹ̀rọ sì ní àfàìmọ̀ kí ẹ̀dọ̀ wọn má ti le gbandi. Bùrọ̀dá ní ká dá atorvastatin, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn, dúró kíá. Dókítà kò ì tíì ráyè jókòó tì wá. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Lewisham

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ọlọ́run á gbé màmá dìde. Wọ́ọ̀dù rọpárọsẹ̀ ni iṣẹ́ mi níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò rí màmá lójú, nítorí náà ọ̀rọ̀ dókítà tó ń tọ́jú wọn ló ṣáájú tèmi.

Oríṣi nǹkan méjì ni wọ́n kó pọ̀ sórí ìwé yẹn. AST àti ALT jẹ́ ohun tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá fara pa níbì kan. Wọn ò sọ bóyá ẹ̀dọ̀ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń sọ bí iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ṣe ń lọ ni albumin, bilirubin (ohun tó ń mú ojú pọ́n rúsúrúsú tó bá pọ̀) àti INR. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe albumin, ìyẹn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tí INR ń wọ̀n. INR màmá wà ní 1.1, bilirubin wọn 14, kò sí àléébù níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ débi pé kò lè ṣe albumin mọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí INR rẹ̀ jókòó sí 1.1 bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo fẹ́ béèrè: ẹ̀gbẹ́ wo ni wọ́n sùn lé ní balùwẹ̀ yẹn? Ṣé itan tàbí èjìká wọn wú? Ìtọ̀ wọn ńkọ́, ṣé ó dúdú bíi Coke? Ṣé wọ́n yẹ CK, èròjà tó ń jò jáde láti inú ẹran ara tó fọ́, wò?

Bàbá_Láàbù_Abẹ́òkúta

Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì bi yẹn ni kókó ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, AST sì wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣì lóye jù. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀, ó wà nínú ọkàn, ó wà nínú ẹran itan, ó wà nínú ọpọlọ àti kíndìnrín, ó tún wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa. Kódà ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Ní 1954, LaDue, Wróblewski àti Karmen ní New York fi hàn pé ó máa ń ga lára ẹni tí ìkọlù ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó sọ ọ́ di ti ẹ̀dọ̀. ALT ló fara mọ́ ẹ̀dọ̀ ju AST lọ. Ará Ítálì kan, De Ritis, ló dábàá ní 1957 pé kí a máa fi ALT pín AST. Ti màmá, 96 sí 41, lé ní ìlọ́po méjì. Lára ọ̀mùtí, ọtí ni a ó kọ́kọ́ fura sí. Màmá kì í mu ọtí, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn lórí ilẹ̀ líle mọ́jú. Ẹran ara tó bá wà lábẹ́ ara fún wákàtí gbọọrọ yóò fọ́, AST á sì jò jáde nínú rẹ̀. CK ló máa jẹ́rìí sí i. Bí CK bá wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kíndìnrín ni kí ẹ tètè ṣọ́, kí ẹ fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ ná.

Ohun kejì: ẹ wo ìsàlẹ̀ ìwé yẹn bóyá wọ́n kọ "haemolysed" síbẹ̀. Tí abẹ́rẹ́ bá kéré, tí wọ́n fi ipá fa ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n gbé e lórí ọ̀kadà gba ojú ọ̀nà wa yìí dé láàbù, sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́ nínú ìgò. AST á gòkè, potassium náà á gòkè, ara aláìsàn kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe. AST máa ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bíi wákàtí 17, ALT ní nǹkan bíi wákàtí 47. Tó bá jẹ́ ti ilẹ̀ balùwẹ̀ ni, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ ó rí i tó ń wálẹ̀.

Ewé_Ń_Jẹ́

Ẹ̀yin aláwọ̀ dúdú òyìnbó, ẹ kú iṣẹ́. Gbogbo nọ́ńbà yìí, a ò bá a nílé baba wa. Ẹ̀dọ̀ tó gbóná ló ń fa rọpárọsẹ̀. Omi ewúro, àárọ̀ àti alẹ́, kí ẹ fi àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀ tì í. Mo ti rí ẹni tó fi dìde. Tí ẹ bá fẹ́ nọ́ńbà fóònù mi, ẹ bọ́ sí ìkọ̀kọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Lewisham

Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá ewé jà. Ewúro ni mo fi ń se ọbẹ̀ nílé mi níbí. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn nílé: ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, tí ahọ́n rẹ̀ ń lọ́, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu kí wọ́n tó yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Kì í ṣe àgbo nìkan o. Omi tútù, ògì, oògùn oníhóró, omi zamzam, omi àdúrà, gbogbo ẹ̀. Ọ̀fun tí kò gbé nǹkan mì dáadáa máa ń da á sí ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà á sì dé láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo ti rí i tí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò pa kú nítorí ṣíbí ẹ̀kọ kan tí ẹbí fi ìfẹ́ fún un.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí: a ó gbé aláìsàn jókòó dáadáa, a ó fún un ní ṣíbí omi kékeré, a ó wo ọ̀fun rẹ̀ bóyá ó gbéra. Lẹ́yìn náà a ó ní kó sọ̀rọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ń dún bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, tàbí tó wúkọ́, a ó dáwọ́ dúró.

Àbúrò mi, nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ máa bi wọ́n ní wọ́ọ̀dù dípò albumin: ibà, ṣúgà, ọ̀fun. Ní Ọsirélíà, ní ìpínlẹ̀ New South Wales, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù rọpárọsẹ̀ láti máa dojú kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2011. Lẹ́yìn 90 ọjọ́, àwọn tó kú tàbí tí wọn ò lè dá nǹkan ṣe fúnra wọn jẹ́ 42 nínú 100 níbi tí wọ́n ti ṣe é, àti 58 nínú 100 níbi tí wọn ò ti ṣe é. Kò sí oògùn olówó gọbọi kankan nínú rẹ̀: paracetamol, insulin àti ojú tó ń ṣọ́nà ni.

Kẹ́míìsì_Ìlọrin

Mo fẹ́ dá sí ti ìgò albumin, torí ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì ń dùn mí.

Òótọ́ ni pé ara ẹni tí albumin rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà rọpárọsẹ̀ sábà máa ń burú ju ti ẹni tí tirẹ̀ pé. Àwọn oníṣègùn náà ronú bí ẹni tó ní kí ẹ ra ìgò mẹ́rin ṣe rò: ṣebí ká dá a padà sínú iṣan. Lára eku ó ṣiṣẹ́. Wọ́n wá dán an wò lára ènìyàn nínú ìwádìí ńlá kan, ALIAS, èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Ènìyàn 841 ló kópa ní apá kejì rẹ̀, wọ́n fún ìdajì ní albumin púpọ̀ láàárín wákàtí 5 tí rọpárọsẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún ìdajì yòókù ní omi iyọ̀ lásán. Àwọn tó ṣe dáadáa ní apá albumin: 44 nínú 100. Ní apá omi iyọ̀: 44 nínú 100. Dọ́gba-dọ́gba. Àwọn tó gba albumin ló tún ní omi nínú ẹ̀dọ̀fóró jù. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró kó tó parí.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé nítorí rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí ẹ rà á, ẹ fi owó yín pamọ́ fún físíò. Albumin ní àyè tirẹ̀, bí i ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le tí wọ́n fa omi tó ju lítà 5 kúrò nínú ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá kò sí níbẹ̀.

Ti atorvastatin: ẹ jọ̀ọ́, kí bùrọ̀dá Houston fara balẹ̀. Nínú ìwádìí SPARCL ti 2006, ènìyàn 4,731 tí wọ́n ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí ìkìlọ̀ rẹ̀ ló kópa. Láàárín nǹkan bí ọdún 5, rọpárọsẹ̀ padà bá 13.1 nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀, ó bá 11.2 nínú 100 àwọn tó lo 80 mg atorvastatin. Àwọn tí ALT tàbí AST wọn gòkè tí kò sì tètè wálẹ̀ jẹ́ 2.2 nínú 100 pẹ̀lú oògùn, 0.5 láìsí oògùn. Ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni kò ti ipa rẹ̀ kú. (Irú rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ pọ̀ díẹ̀ sí i ní apá oògùn, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín.) Ní 2012, FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, yọ òfin pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń lo statin (ẹbí oògùn tí atorvastatin wà nínú rẹ̀) wò lóòrèkóòrè kúrò. A máa ń dá a dúró tí ALT bá ju ìlọ́po mẹ́ta gbèdéke lọ. Ti màmá, 41, kò jìnnà sí gbèdéke rárá.

Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí dókítà dá a dúró fúngbà díẹ̀ ni tí CK bá ga gidigidi, torí statin náà lè fọ́ ẹran ara. Dókítà ló máa pinnu ìyẹn, kì í ṣe WhatsApp ẹbí.

Ewé_Ń_Jẹ́

Ṣé oògùn òyìnbó kì í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ni? Àgbo nìkan ló ń bà á jẹ́?

Kẹ́míìsì_Ìlọrin

Ó ń bà á jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Paracetamol tí gbogbo ayé ń jẹ bí ẹ̀pà, tó bá ti ju gíráàmù 4 lọ lójúmọ́ fún àgbàlagbà, ó lè pa ẹ̀dọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé mo mọ ìwọ̀n tó wà nínú hóró kan, mo sì mọ ohun tí màá wò nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgò àgbo yín, ẹ wí fún mi, kí ló wà nínú ẹ̀, báwo ló ṣe pọ̀ tó?

Adùnní_Ọ̀ṣun

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Wọn ò yẹ CK wò ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni wọ́n sùn lé, ìbàdí wọn dúdú, ó sì wú, ìtọ̀ wọn pọ́n gan-an ní ọjọ́ kejì àmọ́ ó ti mọ́ báyìí. Wọ́n ti ki rọ́bà bọ imú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún wọn lóúnjẹ.

Bùrọ̀dá wa kò gbà o. Ó ní òun kà á pé tí albumin bá ti wálẹ̀ báyìí ẹni náà kì í yè, àti pé FIB-4 kò lè parọ́ torí ìṣirò ni. Ó ti ń sunkún lórí fóònù. Ẹ bá mi dá a lóhùn kí n fi ránṣẹ́ sí i.

Dókítà_Ọpọlọ

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá, kí ẹ sì bá mi kí wọn.

Mo ń kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìhà ìwọ̀ oòrùn níbí, èsì irú èyí sì máa ń kọjá lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú FIB-4. Ní 2006 ni wọ́n ṣe é jáde, fún àwọn tó ní HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ C papọ̀. Ọjọ́ orí àti AST wà lókè, pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì àti gbòǹgbò ALT wà nísàlẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó: ohunkóhun tó bá gbé AST sókè á gbé èsì sókè, ìṣirò kò sì mọ̀ bóyá inú ẹ̀dọ̀ ni AST ti wá tàbí ìbàdí tó dúdú yẹn. Ọjọ́ orí nìkan náà ń tì í sókè, ìdí nìyẹn tí a fi ń lo 2.0 dípò 1.3 gẹ́gẹ́ bí ìlà ìsàlẹ̀ fún ẹni tó bá ti pé ọdún 65. Ìṣirò bùrọ̀dá pé: 68 lọ́nà 96, tí a fi 240 lọ́nà 6.4 (gbòǹgbò 41, nítorí 6.4 lọ́nà 6.4 jẹ́ nǹkan bí 41) pín, 4.2 ló ń jẹ́. Ohun tí wọ́n kó sínú rẹ̀ ni kò yẹ. A kì í ṣe FIB-4 fún ẹni tó ń ṣàìsàn líle lọ́wọ́.

Ó kan albumin. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń dín sí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá wà ní 27 ní ọjọ́ kejì àìsàn, kì í ṣe pé ẹ̀dọ̀ pa iṣẹ́ tì lánàá. Bóyá ó ti lọ sílẹ̀ kí rọpárọsẹ̀ tó dé, nítorí àìjẹun dáadáa, nítorí kíndìnrín tó ń jò ó sínú ìtọ̀ (ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò lo oògùn, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò o), tàbí àrùn mìíràn tó ti wà lára. Bí ara bá sì ti gbóná fún ìjà, pẹ̀lú ibà, òtútù àyà, tàbí ẹran ara tó fọ́, albumin máa ń sá jáde kúrò nínú òpójẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà á sì yí ọwọ́ sí ṣíṣe èròjà ìjà. Dírípù tí wọ́n dà sí wọn lára náà tún là á díẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn tí tiwọn kéré fi ń kú jù? Irun funfun kì í pa ènìyàn, síbẹ̀ inú àwọn onírun funfun ni ikú ti ń mú jù. Bí ẹ bá pa irun náà láró, ẹ ò tíì fi ọdún kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohun tí ALIAS tí kẹ́míìsì sọ fi hàn wá nìyẹn. Àwọn tí albumin wọn kéré jẹ́ àgbà, wọ́n rù, wọ́n ní àrùn tẹ́lẹ̀, rọpárọsẹ̀ wọn sì máa ń tóbi. Nọ́ńbà náà ń jẹ́rìí sí gbogbo ìyẹn pa pọ̀. Ẹni tó bá ń lé albumin kiri, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá.

Inú mi dùn sí rọ́bà imú yẹn. Nínú ìwádìí FOOD tí wọ́n gbé jáde ní 2005, àwọn tí wọ́n tètè fún lóúnjẹ gba ibẹ̀ kú níye tó fi nǹkan bí ènìyàn 6 nínú 100 dín sí àwọn tí wọ́n dá oúnjẹ dúró fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ yẹn kò lágbára tó láti búra lé. Pàpù, ẹyin lílọ̀, mílíìkì, ẹja tí wọ́n lọ̀ kúnná, bí onímọ̀ oúnjẹ bá ṣe wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà tí albumin ń gbà padà nìyẹn, díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí wọ́n rántí nítorí 27 yìí: tí gìrì bá gbé màmá, tí wọ́n fẹ́ fún wọn ní phenytoin, ara albumin ni oògùn yẹn máa ń so mọ́. Tí albumin bá kéré, èyí tó ń rìn kiri láìso mọ́ nǹkan kan á pọ̀, ó sì lè di májèlé bí iye rẹ̀ lórí ìwé bá tilẹ̀ dára.

Ìyá_Tèmítọ́pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo yà bàrá. Ọmọ mi ọdún 7 ní fòníkú-fọ̀ladìde, SS. Bilirubin rẹ̀ máa ń ga nígbà gbogbo, AST náà. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni. Mo sì ti gbọ́ pé rọpárọsẹ̀ máa ń bá wọn. Ṣé ẹ̀dọ̀ yẹn ló máa fà á?

Dókítà_Ọpọlọ

Ẹ kú ìtọ́jú, màmá. Lára ọmọ SS, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń fọ́ ló sábà ń gbé bilirubin àti AST sókè. Ẹ ní kí wọ́n pín bilirubin sí méjì fún yín. Tó bá jẹ́ èyí tí ẹ̀dọ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí ló pọ̀, tí ALT sì dára, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ ni.

Ẹ má dúró lórí ẹ̀dọ̀. Àyẹ̀wò tó ń sọ ewu rọpárọsẹ̀ ọmọ yín kì í tilẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ rárá: TCD ni, wọ́n á gbé ẹ̀rọ kékeré sí ẹ̀bátí rẹ̀ láti wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré lọ sínú ọpọlọ. Tó bá tó 200 sẹ̀ntímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti wọlé. Ìwádìí STOP ní Amẹ́ríkà fi hàn ní 1998 pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára lóòrèkóòrè ń gé ewu yẹn ní nǹkan bí 90 nínú 100. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti pọ̀ tó láti máa fà, oògùn tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea ni a ń lò, wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní Kano àti Kaduna. UCH Ìbàdàn ti ń ṣe TCD tipẹ́. Láti ọdún 2 ni ó ti yẹ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, lọ́dọọdún. Ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí.

Sùúrù_Lérè

Ẹ̀yin ń sọ ti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára. Èmi ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B, wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Bàbá mi rọpárọsẹ̀ ló pa á. Ẹ sọ tèmi fún mi bó ṣe rí.

Dókítà_Ọpọlọ

Ọ̀gá, mo kí yín fún ìgboyà yín. Ẹ ò dá wà: ìwádìí ìjọba tó jáde lẹ́yìn 2018 rí jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B lára nǹkan bí 8 nínú 100 àwọn àgbàlagbà wa, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀.

Tiyín ni nọ́ńbà ẹ̀dọ̀ ti ní ìtumọ̀ gidi. Ẹ̀dọ̀ tó ti le kì í ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tó, ọlọ inú á wú, á sì máa há pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹgbẹ́ Neal Parikh ní Weill Cornell, New York, wo àkọsílẹ̀ àwọn àgbàlagbà Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2017: rọpárọsẹ̀ wọ́pọ̀ lára àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le ju àwọn yòókù lọ, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ ló sì fi ìyàtọ̀ hàn jù. Wọ́n tún rí i lẹ́yìn náà pé lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ dà sí lọ́pọlọ, àwọn tí àmì ẹ̀dọ̀ líle wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni ẹ̀jẹ̀ náà ń tàn kálẹ̀ sí i lára wọn jù, àwọn náà ló ń kú jù.

Ó kan ìtọ́jú pàjáwìrì náà. Abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, alteplase, láàárín wákàtí 4 ààbọ̀ tí àmì bẹ̀rẹ̀ ni a ń fún un, a kì í sì í fún ẹni tí INR rẹ̀ ju 1.7 lọ tàbí tí pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tó 100. Nítorí náà, kí INR àti pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì yín tuntun wà nínú fóònù yín àti ti ìyàwó yín. Ẹ lo oògùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ yín láìjáfara, ẹ fi ògógóró àti paraga sílẹ̀ pátápátá, ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Ìbàdàn darí ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, fi ẹ̀jẹ̀ ríru ṣíwájú gbogbo ohun tó ń fa rọpárọsẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀dọ̀ líle àti ẹ̀jẹ̀ ríru pa pọ̀, ẹ má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Adùnní_Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ màmá yẹ̀ wò. AST 34, ALT 30, albumin 29, INR 1.1, pílátẹ́lẹ́ẹ̀tì 240. CK tí wọ́n wá ṣe gbẹ̀yìn ṣì ga díẹ̀, kíndìnrín dára. Bùrọ̀dá fúnra wọn ló tún FIB-4 ṣe, 1.76, wọ́n ti dákẹ́. A ò ra albumin.

Dókítà jókòó tì wá lónìí. Ó ní àwòrán ọkàn fi hàn pé ọkàn màmá ń lù ségesège, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ti lọ sí ọpọlọ. Wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà kí ẹ̀jẹ̀ dì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, warfarin ni owó wa ká. Ẹnì kan ti ní kí màmá má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ láéláé. Màmá tí kì í lè jẹ iyán láìsí ẹ̀fọ́ rírò!

Kẹ́míìsì_Ìlọrin

Wọ́n lè jẹ ẹ̀fọ́. SIREN kan náà tí dókítà sọ rí i pé àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa ni rọpárọsẹ̀ ń bá jù. Vitamin K tó wà nínú ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ewúro ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, iṣẹ́ yẹn ni warfarin ń dí lọ́wọ́. Kí wọ́n jẹ ẹ̀, àmọ́ kó jẹ́ ìwọ̀n kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni kéèyàn má jẹ ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó wá jẹ odidi ìkòkò kan lọ́jọ́ àríyá.

INR wọn á gòkè, a fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 3. Ẹ kọ warfarin gàdàgbà sí ojú fáìlì wọn, torí ẹni tó bá rí INR 2.5 láìmọ̀ á tún ní ẹ̀dọ̀ ti bàjẹ́. Ohun tí mo bẹ̀rù jù ni Flagyl. Inú ń run màmá, ẹnì kan á sáré lọ sí kẹ́místì, á ra Flagyl wá. Ó máa ń ti INR sókè gan-an, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà. Àgbo náà, àti àwọn oògùn ìrora bí i diclofenac, kí wọ́n má wọlé láìbéèrè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, INR lójoojúmọ́ tàbí ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta bí dókítà bá ṣe wí, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi dúró sójú kan, kó sì jẹ́ láàbù kan náà ni ẹ ó máa lò.